Ẹ̀yìn Ọwọ́ Lára Àpótí Iná

Èmi kì í ṣe ojo. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó délẹ̀, torí ọkọ mi ti sọ mí lórúkọ, Ìyá Jìnnìjìnnì ló ń pè mí, àwọn ará àdúgbò náà sì ti ń bá a pè mí bẹ́ẹ̀. Kí ni mo ṣe? Mo máa ń padà sílé láti ojú títì láti lọ wò ó bóyá mo pa gáàsì. N kì í lè sùn bí mi ò bá tíì fọwọ́ ara mi yọ áyọ́ọ̀nù kúrò lára ògiri. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà níbẹ̀? Ẹ dárúkọ ilé kan ṣoṣo tó jóná rí nítorí pé ìyá ilé ń bẹ̀rù jù.

Ọkọ mi ní tirẹ̀, Ọ̀gá Iná ni gbogbo ayé ń pè é. Iṣẹ́ wáyà ló ṣe dàgbà, òun ló fi tọ́ àwọn ọmọ. Ilé tí à ń gbé yìí, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa wáyà sí i nígbà tí ògiri ṣì wà láìrẹ́. Àwa àti àbíkẹ́yìn wa la jọ ń gbé. Nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ alẹ́ ló sì sábà máa ń ṣe nílé ìwòsàn. A kì í tilẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ mọ́, Nọ́ọ̀sì náà là ń pè é, ìyẹn ló sọ èmi di Ìyá Nọ́ọ̀sì, tó sọ bàbá rẹ̀ di Bàbá Nọ́ọ̀sì. Inú ọkọ̀ ojú omi ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ó máa ń pẹ́ kó tó wálé. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí kò tíì máa rìn, ṣùgbọ́n òun ló ń pàṣẹ ilé. Bí kò bá sùn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sùn. Ọ̀gá Pátápátá là ń pè é.

Ọ̀rọ̀ tó ba oorun mi jẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí Nọ́ọ̀sì gbé ọkọ̀ oníná wálé. Ọkọ̀ náà dára, kì í pariwo, kì í rú èéfín, n ò bá a jà. Ibi tí yóò ti máa jẹun ló kó ìdààmú bá mi. Wáyà gígùn kan ló kọ́kọ́ ń fà gba ojú fèrèsé ilé ìdáná, tó ń kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń se omi tíì. Lọ́jọ́ kan mo fọwọ́ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn, ó gbóná bí iná, ariwo tí mo pa jí Ọ̀gá Pátápátá. Nọ́ọ̀sì wá wò ó, ó sì gbà pé ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó ní sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná ò ṣe fún ohun tó ń fa iná tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ fún wákàtí gbọọrọ, pé ọkọ̀ náà nílò wáyà tirẹ̀ tó nípọn, bírékà tirẹ̀ tí yóò máa já iná bí ó bá pọ̀jù, àti ẹ̀rọ ṣáàjì tirẹ̀ lára ògiri gáréèjì. Ó ti bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ tí kò níṣẹ́ mìíràn ju ìyẹn lọ. Wọ́n ti dá ọjọ́.

Ìgbà náà ni Ọ̀gá Iná gbọ́.

"Ta ló ń bọ̀ wá ṣe kí ni?"

"Bàbá, iṣẹ́ ọkọ̀ oníná nìkan ni ọkùnrin náà ń ṣe," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ jẹ́ kó wá ṣe é. Ẹ̀yin náà ti ṣiṣẹ́ tó, ẹ sinmi."

"Kí èmi wà láàyè, kí àjèjì wá máa da ògiri ilé mi lu? Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Sọ fún un kó jókòó sílé rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì wo ojú mi. Èmi wo àjà. Nígbà tí bàbá ẹni bá ti pòwe, tó tún ti gbé àpótí irinṣẹ́ jáde láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí lọmọ tún fẹ́ wí? Ó pe ọkùnrin náà, ó ní kó má wulẹ̀ wá mọ́.

Ẹ gbọ́ mi yé o. N ò sọ pé ọkọ mi ò mọṣẹ́. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ lójú mi, èmi ni yóò kọ́kọ́ bá wọ̀jà. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Láti ìgbà òjò tó kọjá ni mo ti ń rí àwọn nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí n máa bá òun de bọ́tìnnì, ó ní ihò bọ́tìnnì ayé ìsinsìnyí ti kéré jù. Ṣíbí á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nídìí oúnjẹ, kò ní í mọ̀ àfi tó bá gbọ́ ìró rẹ̀ nílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo bu omi tó ń hó sínú ife irin, kí n tó yíjú padà ó ti fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a mú níkùn, kò tilẹ̀ di etí ife náà mú, ó ń bá mi sọ ìtàn lọ. Mo ké, "Bàbá Nọ́ọ̀sì, ife!" Ó wò mí. "Kí ni ife ṣe?"

Dókítà ti sọ fún un pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀. Ó ń lo oògùn rẹ̀ bó ṣe wù ú. Bí mo bá sì bi í nípa ọwọ́ rẹ̀, èsì rẹ̀ kì í jìnnà.

"Ọwọ́ ẹni tó ti di ẹ̀mú mú látìgbà èwe máa ń le ni. Ṣó o fẹ́ kó rí múlọ́múlọ́ bíi tàwọn akọ̀wé ni, Ìyá Jìnnìjìnnì?"

Ó wù mí kí n gbà á gbọ́. Ní ọjọ́ mìíràn mo máa ń gbà á gbọ́ títí dìrọ̀lẹ́.

Ohun tó tún ń dà mí láàmú ni bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá Iná kò gbà kí irinṣẹ́ kankan sọ fún òun bí síkúrù ṣe le tó. Àwọn òṣìṣẹ́ òde òní ní síkúrúdíráfà kan tó máa ń dún "kà!" bí síkúrù bá ti le dé ìwọ̀n tó yẹ. Ẹ̀rọ ṣáàjì tí Nọ́ọ̀sì rà tiẹ̀ bá ìwé wá tó sọ ìwọ̀n náà. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín débi tó fi wúkọ́. Ó ní ọwọ́ òun ni ìwọ̀n òun. Ó máa ń yí síkúrù títí yóò fi jẹ, ìyẹn ni pé yóò di wáyà mú pinpin, ìka rẹ̀ ló sì máa ń sọ fún un. Síkúrù tí kò bá jẹ dáadáa, iná á máa ta pàrà níbẹ̀, ibẹ̀ á gbóná, ibẹ̀ náà ni ilé á ti gbiná. Òun ló kọ́ mi. Nígbà tí a ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, èmi ni mo máa ń bá a di tọ́ọ̀ṣì mú lẹ́nu iṣẹ́.

Àṣà kejì tó ní ni mo fi ń tu ara mi nínú. Bó bá parí iṣẹ́ nílé ẹnikẹ́ni, kì í kó irinṣẹ́ rẹ̀. Á ní kí wọ́n tan gbogbo ohun tó ń lo iná, á jókòó fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà á gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé bírékà, á di ojú. "Àtẹ́lẹwọ́ máa ń purọ́," ó máa ń wí, "torí ó ti le. Ẹ̀yìn ọwọ́ kì í purọ́." Bí ibẹ̀ bá gbóná, á tú iṣẹ́ ká, á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Òótọ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni ò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀: kò sí ilé tó fa wáyà sí tó jóná rí. Nítorí náà mo sọ fún ọkàn mi pé ohun tí ìka rẹ̀ bá gbójú fò, ẹ̀yìn ọwọ́ á mú un.

Ó fa wáyà náà láti àpótí iná tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gba inú ògiri yàrá Nọ́ọ̀sì, ó fi jáde sí gáréèjì. Èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú. Síkúrù ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ń ṣà wọ́n. Ìyẹn kọ́ ló bà mí lẹ́rù. Láyé àtijọ́, bó bá ń yí síkúrù, ojú rẹ̀ kì í sí níbẹ̀. Á máa bá onílé ṣàwàdà, á máa wo ọmọ tó ń sunkún, ọwọ́ á máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ yẹn, ojú rẹ̀ ò kúrò lára síkúrù. Ó ń wò ó, ó ń yí i, ó ń dúró, ó tún ń wò ó.

"Ó ti jẹ," ó ní.

"Ṣó dá yín lójú?"

"Gbé tọ́ọ̀ṣì sókè, jàre."

Ní òwúrọ̀ Sátidé, Nọ́ọ̀sì ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, ó ti rẹ̀ ẹ́ dé ojú. Ó gbé ọkọ̀ wọ gáréèjì, ó ki wáyà bọ̀ ọ́ lára, iná aláwọ̀ ewé tàn lójú ẹ̀rọ náà. Ọmọ náà gbàgbé àárẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì.

"Bàbá mi, ẹ ṣeun. Ẹ máa pẹ́ fún wa. Ní báyìí mo lè máa fi í síná ní gbogbo òru, kí n máa sùn lọ."

"Máa sùn lọ," ni Ọ̀gá Iná wí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń tún fìlà ṣe léraléra.

Nọ́ọ̀sì gba Ọ̀gá Pátápátá lọ́wọ́ mi, wọ́n wọlé lọ sùn. Orí bẹ́ẹ̀dì wọn kan ògiri kan náà tí àpótí iná wà lára rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì nínú, àpótí níta, bíríkì kan ló wà láàárín wọn. Mo gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo jókòó.

"Kí lo jókòó síbí fún?"

"Atẹ́gùn ń fẹ́ síbí."

"Atẹ́gùn wo? Ibi tí fèrèsé ò sí?" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun náà gbé àga tirẹ̀ wá, ó jókòó tì mí láti dúró de wákàtí rẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí iná bá ń jóni, tó ń jọ́mọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn, mo mọ̀ dájú pé kì í ṣe ìyá ọlọ́mọ. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń fetí sí èémí wọn nínú yàrá. Kò pẹ́ tí nǹkan fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Kò rùn púpọ̀. Ó dà bíi kí àpò ọ̀rá wà nítòsí sítóòfù.

"Bàbá Nọ́ọ̀sì, nǹkan ń rùn."

"Wáyà tuntun ni. Gbogbo nǹkan tuntun ló ní òórùn tirẹ̀. Ìwọ náà, nígbà tí wọ́n mú ọ wọlé wá, páúdà lò ń rùn fún odindi oṣù."

Lọ́jọ́ mìíràn n bá fún un lésì tó tọ́ sí i. Lọ́jọ́ yẹn ẹnu mi ò gbà á. Òórùn náà ń le sí i.

Nígbà tó yá ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn àpótí náà, ó yí ọwọ́ rẹ̀ padà, ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé bírékà tuntun, ó di ojú. Mo ń wo ojú rẹ̀ bí ẹni ń wo ẹnu dókítà. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ara rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

"Tútù," ó wí, láìla ojú. "Ó tútù bí omi. Ìyá Jìnnìjìnnì, ṣé ọkàn rẹ ti balẹ̀ báyìí?"

Ó yẹ kó balẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò purọ́ rí látọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n imú mi náà kò purọ́ rí. N kì í fọwọ́ kan àpótí iná, òfin ilé wa ni. Tọ́ọ̀ṣì ni tèmi. Mo nawọ́ kọjá èjìká rẹ̀. Ooru ti pàdé ọwọ́ mi kí n tó débẹ̀. Mo fi ìka kan án, mo já a gbà, omi bọ́ lójú mi. Ẹ̀yìn ọwọ́ ọkọ mi ṣì wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ìka mi ti sá kúrò.

"Ẹ gbọ́wọ́ yín kúrò."

"Mo ní ó tútù."

"Ẹ gbọ́wọ́ yín kúrò níbẹ̀!"

Kò gbé e. Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fà á kúrò, mo sì fi ọwọ́ kejì tẹ bírékà tó tóbi jù lókè, èyí tó ti fi hàn mí láti ọjọ́ pípẹ́ pé òun ló ń pa gbogbo ilé. Ilé dákẹ́ wẹ́lo. Fíríìsà dákẹ́, fáànù yàrá Nọ́ọ̀sì náà bẹ̀rẹ̀ sí í rọra dúró.

"Ta ló ní kó o fọwọ́ kàn án?"

Mo gbé ìka mi sí i lójú, ó ti pọ́n. "Ó ń jóni! Ó gbóná bí ìdí ìkòkò!"

"Irọ́. Ẹ̀rù tó ń bà ọ́ ló gbóná."

Inú bí mi. Mo fà á lọ sí ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, mo yí ọwọ́ rẹ̀ sókè. Awọ tó wà lórí eegun ọwọ́ rẹ̀ ti pọ́n, ó ti ń lé ròrò lójú wa níbẹ̀. Ọkọ mi wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíì ni wọ́n gbé wá fún un. Ó fi ìka òdìkejì tẹ ròrò náà. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

Ó padà sídìí àpótí, ó mú síkúrúdíráfà, ó fi lé mi lọ́wọ́.

"Yí síkúrù òkè yẹn. Iná ti kú, kò lè ṣe ọ́ ní nǹkan."

Mo yí i. "Ó ń yí."

"Yí i lọ."

"Ó ṣì ń yí, Bàbá Nọ́ọ̀sì."

Ó yí, ó yí, lẹ́yìn náà mo mọ̀ ọ́n nínú ìka mi pé ó ti di nǹkan mú, kò gbà mọ́. Èmi tí n ò yí síkúrù rí láyé mi mọ̀ ọ́n. Ọkọ mi rọra jókòó.

"Mo fún síkúrù yẹn," ó ní. "Mo fún un dáadáa. Mo rò pé mo fún un."

Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo gbàgbé ẹ̀rù. Ẹ̀rù náà ò pẹ́ tó fi padà. "Àwọn tó wà ní gáréèjì ńkọ́?" Ó gbá ọwọ́ mi mú, kò sì mọ̀ pé ìka mi tó jóná lòun ń tẹ̀.

"Má sọ fún un. Ìwọ ti fún èyí le. A ó jọ lọ sí gáréèjì, màá máa sọ, ìwọ á máa yí i. Ọ̀rọ̀ parí. Jọ̀ọ́."

Látìgbà tó ti fẹ́ mi, n ò gbọ́ jọ̀ọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ó kù díẹ̀ kí n gbà. Ojú tó fi ń wò mí, ta ló lè sọ pé rárá sí i? Ṣùgbọ́n mo wo ògiri náà. Bó bá di òru, ta ni yóò gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé e?

"Ọwọ́ mi ò mọ ìwọ̀n," mo sọ fún un. "Tiyín ló mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀."

Inú yàrá ni Ọ̀gá Pátápátá ti figbe ta. Fáànù ti dúró, ooru ti jí i. Nọ́ọ̀sì jáde pẹ̀lú ọmọ léjìká, oorun ṣì ń kùn ún.

"Ṣé wọ́n mú iná lọ ni? Bàbá, ṣé ọkọ̀ ti kún?"

Mo gé ètè mi jẹ. Bó bá jẹ́ ẹnu mi ló ti gbọ́ ọ, ọkọ mi ò ní í dárí jì mí láéláé. Bí òun náà kò bá sì sọ ọ́, màá sọ ọ́, kó má dárí jì mí. Ọ̀gá Iná ti gbé ọwọ́ rẹ̀ pa mọ́ sẹ́yìn. Ọmọ náà rí i, ẹkún tán, ó na ọwọ́ méjèèjì sí bàbá àgbà rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ọkọ mi nawọ́ láti gbà á. Ọwọ́ náà dúró lójú ọ̀nà. Ó wò ó, ó wo ọmọ, ó fà á padà.

"Pe ọkùnrin yẹn," ó ní.

"Ọkùnrin wo, Bàbá?"

"Ẹni tí mo ní kó jókòó sílé rẹ̀. Sọ fún un kó wá tú gbogbo iṣẹ́ yìí, láti ibi títí dé gáréèjì. Kó mú síkúrúdíráfà rẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ yẹn dání. Ẹ má fi ọkọ̀ yẹn síná títí yóò fi dé."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" Ó wo èmi, ó wo òun, ojú rẹ̀ wá bọ́ sára ròrò náà. Oorun dá lójú rẹ̀. Ó gbé ọmọ fún mi, ó fa àga mi sún mọ́ bàbá rẹ̀, ó gbé ọwọ́ bàbá náà méjèèjì lé orúnkún ara rẹ̀.

"Bàbá, ẹ dijú. Màá máa fi ẹnu bírò kan ìka yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n lára, ẹ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni."

Ó dijú bó ṣe máa ń dijú lára àpótí iná. Nọ́ọ̀sì fi ẹnu bírò tẹ àtàǹpàkò rẹ̀, ó dúró. Ó tẹ ìka tó tẹ̀ lé e. Ó bọ́ sí èyí tó kàn. Ó bọ́ sí ọwọ́ kejì, ó ń tẹ̀ ẹ́ le sí i, débi pé awọ ń jìn wọnú. Omi ti ń dà lójú ọmọ mi, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó dún lóhùn rẹ̀. Bàbá náà na ẹ̀yìn gbọnrangandan bí ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ yege, ó dẹtí sílẹ̀, ó ń dúró.

Orí ìka tó kẹ́yìn ni bírò wà nígbà tó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọmọ mi," ó ní, "bẹ̀rẹ̀ nígbàkígbà tó o bá ti ṣetán. Mo ti dijú."